Òpó Tí Kò Yẹ Kó Wà Lókè Àjà

Ó yẹ kí férémù òrùlé ilé náà jẹ́ mọ́kànlá. Mo kà á, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Mo tún un kà, ó di mẹ́tàlá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mu omi, mo tún gun àkàbà padà, mo ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ewúrẹ́ tó ń wọlé, ó tún padà di mẹ́rìnlá. Inú bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Agboju mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mi ò rí ẹni tí màá bínú sí. A kì í bá igi jà.

Bádrù ni orúkọ mi, Bàbá Hidaayah ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe káfíńtà, iṣẹ́ òrùlé ni mo sì mọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Láídé ló pè mí sí ilé ìyá rẹ̀ ní Festac. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan tí mi ò mọ ibi tó wà, inú ilé ló sì ti ń ṣe é, pẹ̀lú ọmọ méjì tó ń pariwo àti ìyá tó ń gbọ́ rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó wá rò ó pé òkè àjà ilé àwọn ṣófo, òun á sọ ọ́ di yàrá iṣẹ́.

"Bàbá Hidaayah, eku nìkan ló ń gbádùn ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," ló wí. "Ẹ ṣáà bá mi ṣe é kó lè gbé èèyàn. Mo ti wo fídíò ẹ̀ lórí YouTube, kò tough rárá."

Mo ní kò le lóòótọ́, fún ẹni tó ń wo fídíò.

Ilé ìjọba ni, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n kọ́ nígbà àjọ̀dún ńlá FESTAC, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Igi tó wà lókè rẹ̀, wọn ò ṣe é pé kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Pákó àjà ni wọ́n ní kó gbé, pákó àjà náà ló sì ń gbé láti ìgbà yẹn. Bí èèyàn bá gbé tábìlì àti àpótí ìwé lé irú igi bẹ́ẹ̀ lórí, ọjọ́ kan ni yóò bá ara rẹ̀ ní pálọ̀ láìgba ẹnu ọ̀nà. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí n tẹ́ igi tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti orí ògiri kan dé orí ògiri kejì, kí n fi bọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀, kí n gé ẹsẹ̀ àwọn tí ìkán ti jẹ, kí n fi tuntun rọ́pò wọn. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kò sí ohun tó rú mi lójú nínú rẹ̀.

Àfi òpó yẹn. Láàárín gbùngbùn òkè àjà, òpó kan dúró lórí ògiri tó la ilé sí méjì, ó na apá méjì sókè, ó fi gbé ṣóńṣó òrùlé. Férémù mẹ́ta tó wà nítòsí rẹ̀, ẹnì kan ti fi igi mìíràn kún wọn, igi náà sì lẹ̀ mọ́ wọn tímọ́tímọ́ débi pé tí o bá ń kà wọ́n nínú òkùnkùn, ìgbà mìíràn o máa rí mẹ́ta, ìgbà mìíràn mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí òǹkà mi ò fi dọ́gba. Igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, pọ́ńbélé, kì í ṣe igi fúyẹ́fúyẹ́ tí ìjọba lò. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Bí kò bá ṣe é ni, òrùlé yẹn ì bá ti wọlé wá kí wọn ní pálọ̀ tipẹ́.

Láídé gun òkè wá lọ́jọ́ kejì, ó fi iná fóònù wò yíká. Ó dúró níwájú òpó.

"Èyí ńkọ́?"

"Òun ló gbé òrùlé yín dúró, mádáàmù."

"Bàbá Hidaayah, ibi tí tábìlì mi máa wà gan-an nìyí. Plíìsì, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ now. Àbí kò ṣeé yọ?"

Ó ṣeé yọ. Mo sọ fún un pé tí mo bá na igi gígùn kan sábẹ́ ṣóńṣó òrùlé láti ògiri dé ògiri, igi náà á gba ẹrù lọ́rùn òpó, òpó á sì di ohun tí a lè gé. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ dá ẹnì kan lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku ara òpó kúrò kí n lè wọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe nù ún tán ni mo rí nọ́mbà.

Nọ́mbà kéwú ni. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, láti orí ọ̀kan títí dé orí mẹ́sàn-án, nọ́mbà kọ̀ọ̀kan níbi tí igi kan ti pàdé òmíràn. Èmi tí mo lọ ilé kéwú fún ọdún mẹ́rin, mo mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n kà ló jẹ́ kí ara mi dúró gbagidi. Nọ́mbà mẹ́rin rẹ̀ ní ìrù tó gùn kọjá bó ṣe yẹ, a fa ìrù náà wálẹ̀ bí ẹni ń kánjú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi ni. Ọ̀gá Abdulmumin, ará Ìsẹ́yìn, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Alákijà, tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ó ti di olóògbé báyìí, ọdún kẹsàn-án nìyí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ kọ nọ́mbà sára igi. Ọ̀gá nìkan ló ń kọ ọ́, àwa á máa gé, àwa á máa gbá ìṣó. Mo mọ gbogbo iṣẹ́ òrùlé tí ọ̀gá gbà láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, torí kò sí èyí tí mi ò bá a lọ. Kò gba iṣẹ́ ní Festac rí. Nọ́mbà yìí wá túmọ̀ sí pé ó gbà á, mi ò sì mọ̀. Mo jókòó sórí igi, mo ń wo nọ́mbà mẹ́rin.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi tún rí ìṣó. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ìṣó, ìṣó rẹ̀ a máa fì díẹ̀ síbì kan, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó. Àwọn wọ̀nyí fì sí òdì-kejì, gbogbo wọn pátá. Ọlọ́wọ́ òsì ló gbá wọn. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, Akíntúndé ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá bá a jà títí lórí ọwọ́ yẹn. Ọ̀gá a máa ní, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká má tíì sọ pé ká fi kọ́ ilé ọmọ ẹlòmíràn. Akíntúndé á gbé hámà sí ọwọ́ ọ̀tún níwájú ọ̀gá, tí ọ̀gá bá yíjú, á gbé e padà.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Akíntúndé, bí kò tilẹ̀ wù mí.

Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni. Mọ́sáláṣí kan ní àdúgbò gbé iṣẹ́ òrùlé fún ọ̀gá, wọ́n sì kó igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ká tó bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀ ni àwọn àgbà mọ́sáláṣí wá wo igi wọn, igi méjìdínlógún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀gá dúdú. Ó kó gbogbo àwa ọmọṣẹ́ jọ síwájú àwọn bàbá náà, ó bi wá pé ta ló rí igi.

Èmi rí i. Mo ti rí Akíntúndé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ń fa ọmọlanke tó kún fún igi lọ sí ọ̀nà Festac. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Akíntúndé kígbe pé, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ká gbé e! Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ síbẹ̀!" Ọ̀gá ní òun ò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n gbé Kùránì fún mi, mo gbé ọwọ́ lé e, mo búra pé mo rí Akíntúndé pẹ̀lú igi. Wọ́n fún òun náà ní Bíbélì, ó búra, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Fíríídọ̀mù rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá lé e lọ láìgba àdúrà fún un, láìfún un ní ayùn, ọdún mẹ́fà tó fi sìn wọlé. Ẹni tí wọn ò bá gbàdúrà fún lọ́jọ́ fíríídọ̀mù, káfíńtà wo ló máa bá a ṣiṣẹ́? Ó pa iṣẹ́ tì.

Láti ọjọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wá sí mi lọ́kàn, mo máa ń sọ fún ara mi pé mi ò purọ́. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń sùn.

Báyìí, igi rèé. Igi mọ́sáláṣí rèé lórí ilé Festac, ìṣó Akíntúndé lára rẹ̀, nọ́mbà ọ̀gá lára rẹ̀. Orí mi dàrú. Mo gbìyànjú láti tò ó bó ṣe yẹ kó rí. Mo ní, bóyá ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀gá ti kọ nọ́mbà sára igi, nítorí mọ́sáláṣí, kí Akíntúndé tó jí i gbé. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe rò ó, mo tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lójúde. Èèyàn á máa tan ara rẹ̀, oúnjẹ á sì máa dùn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo padà gòkè, mo wo nọ́mbà mẹ́fà dáadáa. Ìdajì rẹ̀ wà lára òpó, ìdajì kejì wà lára apá òpó. Pẹ́ńsùlù kan náà ló fà á kọjá lórí ojú ìpàdé igi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ àfi lẹ́yìn tí igi méjèèjì ti wà papọ̀, lókè àjà yẹn, nínú ilé yẹn. Ọ̀gá mi dúró níbi tí mo dúró sí. Mo fẹ́ kó má rí bẹ́ẹ̀, mo tún fi aṣọ nù ún, ó túbọ̀ hàn kedere ni.

Mo lọ bá ìyá Láídé nídìí rédíò rẹ̀. Màmá Adéníkẹ́ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ iyè rẹ̀ mú ju ayùn mi lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi òpó sókè àjà yín?"

"Háà, ìyẹn ti pẹ́. Láídé ò tíì lọ sílé ìwé. Ìjì jà, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíọ́kíọ́, ó tẹ̀ wálẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo sá jáde pẹ̀lú ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Bàbá káfíńtà kan ń kọjá lọ, mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní kó ṣàánú mi. Ó wo òkè, ó ní ilé yìí ò ní rí ọjọ́ Jímọ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú igi."

"Òun nìkan?"

"Rárá o. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí. Mo se ìrẹsì fún wọn. Bàbá ní òun ń gbààwẹ̀. Ọmọ náà jẹ tiẹ̀, ó tún jẹ ti bàbá mọ́ ọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, mo fẹ́ bá a wí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀."

Mo dúpẹ́, mo jáde, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa lọ fún ọgbọ̀n. Ohun tó wá rú mi lójú jù ni pé mi ò lè bínú sí ọ̀gá bó ṣe yẹ. Ó rí obìnrin kan tí ilé fẹ́ wó lù, igi tirẹ̀ ò tó, ó mú ti mọ́sáláṣí, bóyá ó ní lọ́kàn láti dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n sì mọ̀. Ó wá ti ọmọ tó bá a ṣiṣẹ́ àánú sínú iná kí ojú má baà ti òun. Ọkùnrin kan náà ló ṣe méjèèjì lóṣù kan náà, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe ìdádúró. Mo ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù. Èmi àti àwọn méjì tí mo gbà gbé igi tuntun gòkè, a dè wọ́n mọ́ ti àtijọ́ ní bọ́ọ̀tì mẹ́rin mẹ́rin, a gé ẹsẹ̀ márùn-ún tí ìkán ti sọ di ìyẹ̀fun, a fi oògùn pa gbogbo rẹ̀. A na igi gígùn sábẹ́ ṣóńṣó òrùlé, a fi jáàkì gbé òrùlé díẹ̀ kí igi náà lè gba ẹrù, a sì rọra tú u sílẹ̀ lé e. Kò dún rárá. Òpó àtijọ́ ò gbé nǹkan kan mọ́, o lè ki bébà bọ àárín òun àti òrùlé. Kí n gé e ló kù, mi ò gé e.

"Bàbá Hidaayah, kí ló dé gan-an?" Láídé ti fẹ́ gbaná jẹ. "Ẹ ní tí beam bá ti wọlé, ó parí. Beam ti wọlé. Tí ẹ ò bá ní gé e, ẹ sọ fún mi, Jesse ní káfíńtà kan tó lè wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Jesse ni ọkọ rẹ̀. Mo ní kó fún mi di Ọjọ́bọ̀. Tí ẹlòmíràn bá gé òpó yẹn, ohun kan ṣoṣo láyé tó lè sọ pé Akíntúndé kì í ṣe olè yóò di igi ìdáná fún ẹni tó ń dín àkàrà. Mo mọ ibi tí Akíntúndé wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ilẹ̀kùn mọ́tò àti bọ́ḿpà tòkúnbọ̀ ló ń tà ní Trade Fair, àní nígbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò mi bàjẹ́, Mùṣín ni mo lọ rà á, kí n má baà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́rú ni mo lọ. Ó jókòó láàárín àwọn ilẹ̀kùn tí kò ní ilé, ó ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó mọ̀ mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Bádrù."

"Akíntúndé. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ní Festac. Òrùlé kan. Mo fẹ́ kó o wá wò ó."

Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ gígùn kan látilé, ìyẹn nìkan ló jáde. Kò bi mí pé òrùlé wo. Ó dìde, ó ní kí obìnrin tó ń ta gíláàsì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá òun wo ọjà, ó tẹ̀ lé mi.

Ó gun àkàbà náà bí ẹni tí kò ṣíwọ́ iṣẹ́ rí. Ó dúró síwájú òpó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó yí i ká díẹ̀díẹ̀. Ó wo nọ́mbà. Ó wo àwọn ìṣó rẹ̀. Mo ń retí pé kó sunkún, tàbí kó gbá mi létí, èmi náà ti múra sílẹ̀ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Ó ṣì ń gbé nǹkan?" ló bi mí.

"Rárá. Mo ti gba ẹrù lọ́rùn ẹ̀."

"Igi tó o nà yìí dáa. O fi jáàkì gbé e kó o tó tì í wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀gá ò ní jáàkì nígbà yẹn. Ejìká mi ni."

Mo wá rí àyè sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé mo ti rí gbogbo rẹ̀, pé ọ̀gá wà níbí, pé ọ̀gá ló parọ́ mọ́ ọn, pé màá mú un lọ bá àwọn ọmọ ọ̀gá, màá mú un lọ bá àwọn àgbà mọ́sáláṣí tó ṣì wà láyé, màá fi fóònù ya òpó náà fún gbogbo ayé rí. Mo ń sọ ọ́ tagbáratagbára, inú mi ń ru sí ọ̀gá níkẹyìn, ìbínú náà sì dùn mọ́ mi.

"Ọ̀gá wá bẹ̀ mí," ni Akíntúndé wí.

"Ìgbà wo?"

"Ọdún tó kú ku ọdún kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wá sí Trade Fair. Ó kúnlẹ̀ láàárín ọjà, Bádrù, bàbá arúgbó. Mo gbé e dìde. Ó gbàdúrà fún mi níbẹ̀, àdúrà fíríídọ̀mù, gbogbo rẹ̀ pátá, ó tún fún mi ní ayùn. Ìyẹn ti tán."

Gbogbo ẹjọ́ tí mo gbé gun àkàbà náà, wọ́n ti dá a lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó pè mí.

"Kí ló dé tí kò fi sọ fún mi?" ni mo bi í.

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ fún ẹ tó ò mọ̀."

"Tí mi ò mọ̀? Kí ni mo mọ̀? Ìwọ nìkan ni mo rí!"

Ó wò mí. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo igi tí kò dá a lójú bóyá ìkán wà nínú rẹ̀.

"Bádrù, ọ̀gá wà lẹ́yìn ọmọlanke. Èmi ń fà á níwájú, òun ń tì í lẹ́yìn. A pàdé ẹ níbi gọ́tà tó wọ Festac. O dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá lórí eruku. Ẹsẹ̀ ọmọlanke há, o bọ́ bàtà, o bá wa gbé e kọjá. Ọ̀gá gbàdúrà fún ẹ."

"Irọ́ ni." Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó.

"Ọ̀gá bi wá pé ta ló rí igi, ìwọ náà sọ pé èmi lo rí. Báwo lo ṣe máa dárúkọ ọ̀gá fún ọ̀gá? Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ó yé mi. Ọdún kìíní, kò yé mi. Nígbà tó yá, ó yé mi. Mo wá ní, á wá. Tó bá ti gba fíríídọ̀mù tiẹ̀ tán, tí kò bẹ̀rù ọ̀gá mọ́, á wá. Nígbà tí ọ̀gá kú, mo ní, ó yá, á wá wàyí."

Mo jókòó sórí igi. Mo wá ọjọ́ náà nínú orí mi. Mo rí ọmọlanke, mo rí igi, mo rí ẹ̀yìn ọrùn Akíntúndé tó ń làágùn. Lẹ́yìn ọmọlanke, mi ò rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo rí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ojú ibẹ̀ kàn ṣófo, bí ìgbà tí wọ́n yọ àwòrán kúrò lára ògiri.

"Mi ò rántí," ni mo wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, Akíntúndé, mi ò rántí."

"Má búra mọ́," ló dá mi lóhùn.

Ó mú ayùn mi nílẹ̀, ó gbé e sí ọwọ́ òsì. Ó fi àtàǹpàkò wọn ìsàlẹ̀ òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ọgbọ̀n ọdún, ayùn ò yẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ní kó dúró, pé ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, ṣùgbọ́n mo wá rí i pé òun kọ́ ló nílò ẹ̀rí. Nígbà tí òpó já, èmi ni mo gbá a mú kó má baà lu àjà já. Òrùlé ò mì.

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lórí pákó tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, fún ẹni tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Mo ní kó dárí jì mí.

"Kí ni kí n dárí ẹ̀ jì ẹ́?"

Tí mo bá sọ pé mo rí ọ̀gá tí mo fi pa mọ́, irọ́ ni mò ń pa, torí mi ò rántí pé mo rí i. Tí mo bá sọ pé mi ò mọ̀, kí ni mo wá dọ̀bálẹ̀ fún?

"Lọ rántí ẹ̀ ná," ni Akíntúndé wí. "Tó o bá ti rántí, o mọ ṣọ́ọ̀bù mi." Ó gbọn eruku igi kúrò lára ṣòkòtò, ó kí Màmá Adéníkẹ́ nísàlẹ̀, ó lọ.

Láídé ti gbé tábìlì rẹ̀ sókè. Ó ní yàrá náà dùn ún wọ̀, ó ti fi nọ́mbà mi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Èmi ni mi ò gbádùn. Ìgbàkigbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń padà síbi gọ́tà yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i: ọ̀gá dúró lẹ́yìn ọmọlanke, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi wà nílẹ̀ lórí eruku, bàtà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dìde pé kí n máa lọ sí Trade Fair. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo rántí rẹ̀, tàbí Akíntúndé ló sọ ọ́ fún mi tí mo wá ń rí i. Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà, mi ò tíì lọ.